Ọdún Mẹ́tàdínlógún Tí Mo Fi Ta Osùn fún Ìyá Ìbejì

Mi ò kọ èyí kí ẹ lè bá mi sunkún. Ẹni tó bá ní omijé nílẹ̀, kó fi pamọ́ de ẹni tó tọ́ sí. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà tí bàbá mi fi ní kí n wá máa ru igbá, nítorí náà, bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́jà ni mo ṣe kọ ọ́. Ẹ kà á bẹ́ẹ̀.

Ìyá Gàfárù ni wọ́n ń pè mí ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Opó ni mí. Osùn, adín àti òrí ni mò ń tà. Bí obìnrin bá bímọ ládùúgbò wa, bí wọ́n bá ti ránṣẹ́ pe agbẹ̀bí tán, èmi ló kàn, kí n gbé ohun tí wọn ó fi pa ọmọ lára wá. Mo mọ ọmọ tó jọ bàbá rẹ̀, mo sì mọ èyí tó jọ ará ilé kejì. Mi ò sọ. Ẹnu tí mo pa mọ́ wà lára ohun tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ mi.

Ní ọdún 1971, Ṣàngóbùnmi, ìyàwó Ògúnwálé alágbẹ̀dẹ, bí ìbejì, obìnrin méjèèjì. Táíwò ké. Kẹ́hìndé kò ké. Ara ìyá wọn kò yá rárá, gbogbo obìnrin tó wà nínú yàrá ló rọ̀gbà yí i ká. Ògúnwálé fi aṣọ wé Kẹ́hìndé, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó mọ̀ pé mò ń bá ọkọ̀ ọjà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ní kí n bá òun gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà tó wà níbẹ̀, bóyá wọ́n á rí nǹkan ṣe sí i.

Ọmọ náà ò dé ọ̀dọ̀ dókítà kankan. Ká tó wọ Ògbómọ̀ṣọ́, ooru àyà mi ti jí i. Ó ké, ó ń wá ọmú.

Ilé Rúùtù ni mo máa ń wọ̀ sí bí mo bá lọ nájà níbẹ̀. Elijah káfíńtà lọkọ rẹ̀. Onígbàgbọ́ ni wọ́n, ọdún kọkànlá rèé tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, kò sí ọmọ. Rúùtù gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi kó lè fún un lómi ṣúgà mu, kò sì gbé e fún mi padà. Ó bi mí pé ìyá rẹ̀ ńkọ́.

Mo ní, "Ó kú lórí ìkúnlẹ̀."

Ó wù mí kí n kọ ọ́ pé mi ò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu mi. Irọ́ ni. Mo mọ̀. Mo ti rí bó ṣe di ọmọ náà mú, mo sì ti rí ohun tó lè ti ibẹ̀ wá. Kí oṣù náà tó parí, Elijah ti kan ìsọ̀ fún mi lójú ọjà Ògbómọ̀ṣọ́, ìsọ̀ onípákó tó ní ilẹ̀kùn àti àgádágodo. Láti ìgbà náà, ilé wọn ni mò ń sùn, oúnjẹ wọn ni mò ń jẹ. Wọ́n sọ ọmọ náà ní Ìbùkúnọlá. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ sọ pé mo ta ọmọ. Èmi náà ń sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé Ọ̀yọ́, mo sọ fún Ògúnwálé pé ẹ̀mí ọmọ náà ò gbé e débẹ̀, pé a ti sin ín sẹ́bàá ọ̀nà. Òbí kì í rí ojú oórì ọmọ lọ́dọ̀ wa, nítorí náà kò sẹ́ni tó béèrè ibi tó wà. A kì í tilẹ̀ sọ pé ìbejì kú. Wọ́n ní Kẹ́hìndé ti lọ sájò. Wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀, wọ́n gbé e lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

Ṣàngóbùnmi ń wẹ igi náà, ó ń fi osùn pa á, ó ń fi ẹ̀wà bọ́ ọ. Aṣọ tó bá rán fún Táíwò, á gé díẹ̀ nínú rẹ̀ fún Kẹ́hìndé. Ìyá Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọwọ́ ta ló ti ń ra osùn? Ọwọ́ mi. Ọdún mẹ́tàdínlógún, ọrọọrún. Mo máa ń fi ènì sí i. Á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá Gàfárù. Kẹ́hìndé ní kí n kí yín." Màá ní kó bá mi kí i.

Bí ó bá ní òun fẹ́ mú Táíwò lọ wo ọjà Ògbómọ̀ṣọ́, màá ní àìsàn wà níbẹ̀. Bí Rúùtù bá ní òun fẹ́ wá kí mi ní Ọ̀yọ́, màá ní ilé mi ń jò. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń dá ìlú méjì sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fúnra mi.

Ní ọdún 1988, Sáàpù tí ìjọba fi sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n ti bá gbogbo wa jà. Àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun ò tilẹ̀ ra osùn mọ́, wọ́n ní ó ń ba aṣọ jẹ́, ìpara inú ike ni wọ́n ń fi pa ọmọ. Mo lè jókòó láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí n má tà ju ẹyọ kan lọ. Ìgbà náà ni Dókítà Ifálọlá dé láti yunifásítì.

Obìnrin ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tutù. Wọ́n gba kíláàsì kan nílé-ìwé tó wà ní họlidé, wọ́n gbé tábìlì àti fìríìjì kékeré síbẹ̀, wọ́n ní ìbejì làwọn ń wá. Wọ́n á ya fọ́tò wọn, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lápá wọn, lẹ́yìn náà wọ́n á máa bi wọ́n ní ìbéèrè bí ìyá ọkọ: kí ló máa ń bí ọ nínú, ṣé o máa ń tijú àlejò, ta lo máa ń sá bá tí ẹ̀rù bá bà ọ́. Wọ́n á fún ìbejì ní agolo mílíìkì kan bí wọ́n bá ń lọ. Wọ́n ní kí àwa tí a mọ ojúlé máa bá wọn pe ènìyàn.

Mo bi dókítà pé kí ni wọ́n fẹ́ fi gbogbo ẹ̀jẹ̀ yìí ṣe.

Ó ní, "Màmá, ẹ wò ó bí àká. Títí di ìsinsìnyí, olúkúlùkù ọ̀mọ̀wé ló ń kó tirẹ̀ pamọ́ sí yàrá. Àwa fẹ́ kọ́ ọ̀kan ṣoṣo tí gbogbo wọn á máa wá bù nínú rẹ̀, ará Ìbàdàn, ará Lọ́ńdọ̀nù, títí kan ẹni tí wọn ò tíì bí."

Mo ní kí ni wọn ó bù níbẹ̀.

Ó ní ìwà ni. Bí ènìyàn bá jẹ́ onínúfùfù tàbí ojo tàbí ọ̀mùtí, ṣé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló bá a wáyé ni, àbí ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ ló ti kọ́ ọ.

Mo ní, "Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni, ta wá la ó máa nà?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní òun á kọ ìyẹn sílẹ̀.

Wọ́n fẹ́ mú aṣojú kan, ẹni tí yóò máa gba owó oṣù láti máa pe ìbejì láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́. Àwa méjì ló ń lé e, èmi àti Marufat, ìyàwó àbúrò ọkọ mi. Marufat kàwé jù mí lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti mú ìbejì mẹ́rìnlá wá, èmi mú márùn-ún. Lọ́jọ́ kan, níwájú akọ̀wé wọn tó ń jẹ́ Mátíù, Marufat fi ẹ̀rín sẹ́nu, ó ní, "Ìyá Gàfárù, ẹ lọ sinmi nídìí osùn yín o. Iṣẹ́ ìwé lèyí." Mátíù wo ilẹ̀ kó má bàa rẹ́rìn-ín. Mo rí i.

Ọjọ́ yẹn kan náà ni dókítà ń ṣàlàyé fún wa pé ohun tó ṣòroó rí jù lọ ni ìbejì tí ojú wọn jọra, tí wọ́n tọ́ ọ̀kan nílé ọ̀tọ̀, tí wọ́n tọ́ èkejì nílé ọ̀tọ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ kan, ilé méjì, irú wọn ni yóò dáhùn ìbéèrè náà. Ó ní òun ò tíì rí ẹyọ kan nílẹ̀ Yorùbá.

Mo dúró kí Marufat lọ.

Mo ní, "Dókítà, bí mo bá mọ irú wọn ńkọ́?"

Bírò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bi mí ṣé àwọn òbí wọn mọ̀, mo ní wọ́n mọ̀. Ṣé ìyá méjèèjì mọra wọn? Mo ní ọ̀rẹ́ ni wọ́n, ìyá tó bí wọn ló fi ọ̀kan ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò bímọ lọ́rẹ. Ó ní àwọn ò lè fọwọ́ kan ọmọ kankan láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ tẹ̀ka sí ìwé pé òun gbà. Mo ní ìka ò wọ́n lọ́wọ́ wọn. Ó ní orúkọ wọn ò ní jáde láé, nọ́mbà ni wọn ó jẹ́ nínú ìwé. Ìyẹn ló tẹ́ mi lọ́rùn jù. Mo rò ó pé nọ́mbà ò ní ẹnu tí yóò fi ro ẹjọ́.

Mo tún fi ọ̀kan kún un. Mo ní àwọn ọmọ náà ò tíì mọ̀, àwọn ìyá wọn fẹ́ fi sùúrù sọ ọ́, nítorí náà kí ó má dárúkọ ìbejì lójú wọn. Ó ní òun á pa á mọ́. Ó pa á mọ́ lóòótọ́. Ẹ má dá dókítà yẹn lẹ́bi.

Ní ọjọ́ kejì wọ́n fún mi ní káàdì tí wọ́n lẹ fọ́tò mi mọ́. Mo fi kọ́ ọrùn gba iwájú ilé Marufat kọjá lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọ̀dọ̀ Rúùtù ni mo kọ́kọ́ lọ. Ó ń lọ aṣọ ẹgbẹ́ akọrin. Mi ò sọ ti ìbejì fún un, kò mọ̀ ọ́n rí. Mo ní àwọn dókítà fẹ́ wo ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ àgbàtọ́, kó mú Ìbùkúnọlá wá ní Túsìdeè, wọ́n á ti gba yàrá kan ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ó gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Ó ní, "Ìyá Olósùn, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ yìí ò mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni mo bí òun."

Mo ní kò ní mọ̀ bó bá wá. Bí kò bá wá, èmi fúnra mi ni n ó dúró dè é lọ́nà ilé-ìwé, n ó sọ fún un lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ọdún mẹ́tàdínlógún lẹ ti ń jẹun nílé yìí."

Mo ní, "Oúnjẹ rẹ dùn. Mú un wá ní Túsìdeè."

Ó mú un wá. Ó tẹ̀ka síbi tí mo ní kó tẹ̀ ẹ́, Mátíù ní kó tún un tẹ̀. Mo jókòó sáàárín òun àti dókítà bí ògiri, èmi ni mò ń dáhùn gbogbo ìbéèrè tí wọ́n bá bi í. Wọ́n ya Ìbùkúnọlá ní fọ́tò, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n bi í pé kí ló máa ń bí i nínú jù. Ó ní, "Kí wọ́n máa pè mí lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí mo ti gbọ́." Wọ́n fún un ní bisikíìtì, ó ń jẹ ẹ́, ó ń kùn lábẹ́lẹ̀ bí ẹni ń kọrin. Mo mọ ọmọ mìíràn tó máa ń kùn bẹ́ẹ̀ bó bá ń jẹun. Àmọ́ mi ò dìde.

Ti Ṣàngóbùnmi ò le. Mo ní wọ́n ń kọ orúkọ ìbejì sínú ìwé ńlá kan tí yóò dé òkè òkun, wọ́n sì ń fún wọn ní mílíìkì. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo rántí òun. Mo ní kó mú Táíwò wá ní Tọ́sìdeè.

Ibí yìí ni mo ti ṣìṣe. Gbogbo èrò mi wà lórí Ògbómọ̀ṣọ́, mo gbàgbé ohun tí ọmọdé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ pàápàá mọ̀. Ohun tí wọ́n bá ṣe fún ọ̀kan nínú ìbejì, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe é fún èkejì. Bí wọ́n bá fún Táíwò ní bàtà, Kẹ́hìndé á gba bàtà. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ orúkọ Táíwò sínú ìwé, ṣé Kẹ́hìndé á wá jókòó sílé?

Ní Tọ́sìdeè, Táíwò ló kọ́kọ́ jókòó níwájú dókítà. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn, aṣọ àdìrẹ tuntun ló ró, ó di nǹkan kan mọ́ra lábẹ́ ìborùn. Mi ò fi ọkàn sí i. Wọ́n ya Táíwò ní fọ́tò. Wọ́n bi í pé kí ló máa ń bí i nínú jù.

Táíwò ní, "Kí wọ́n máa pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Etí mi ò di."

Dókítà gbójú sókè wò mí. Ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ẹni tó rí wúrà. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó gbé e mì. Ó gba ẹ̀jẹ̀ Táíwò, ó lẹ òwú mọ́ ọn lápá, ó ní kó máa lọ gba mílíìkì.

Ṣàngóbùnmi bá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó gbé ère náà jáde. Ó ti wẹ̀ ẹ́, ó ti fi osùn pa á, aṣọ kan náà tó wà lọ́rùn Táíwò ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ó kọ apá rẹ̀ sí dókítà.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, dókítà, ẹ kọ Kẹ́hìndé náà. Ẹ kàn fi abẹ́rẹ́ kàn án lápá díẹ̀, kó má bàa bínú sí ìkejì rẹ̀."

Mo dìde. Mo ní kí a máa lọ, àkókò ti lọ, àwọn mìíràn ń dúró. Mo dì í lápá mú. Kò dìde.

Dókítà ti pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ láti ọjọ́ yìí wá nítorí ohun tí mo sọ fún un. Ṣùgbọ́n ní báyìí, ìyá fúnra rẹ̀ ló dá a sílẹ̀ lójú ọmọ. Ó rò pé àkókò ti tó. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fọwọ́ kan ejìká Ṣàngóbùnmi.

Ó ní, "Ìyá, ẹ má ṣèyọnu. Kẹ́hìndé ti wá ní Túsìdeè. Èmi fúnra mi ni mo gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́."

Ṣàngóbùnmi bi í pé Kẹ́hìndé wo.

Dókítà ṣí fáìlì, ó yọ fọ́tò kan, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Táíwò ló kọ́kọ́ tẹ̀ síwájú wò ó. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó tún gbé e súnmọ́ ojú.

Ó ní, "Èmi kọ́ nìyí. Mi ò ní aṣọ yìí."

Mátíù ti dá ìwé kíkọ dúró. Ṣàngóbùnmi gba fọ́tò náà, ó gbé e ka orí ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère. Ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Nígbà tó sọ̀rọ̀, èmi ló kọjú sí. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, "ẹ" ló ń pè mí. Lọ́jọ́ náà, kò pè mí ní "ẹ" mọ́.

Ó ní, "Ta lo sin?"

Mo yíjú sí ilẹ̀kùn.

"Ìyá Gàfárù. Mo ní ta lo sin sẹ́bàá ọ̀nà?"

Mo ní kò sẹ́ni tí mo sin.

Ó ní, "Ò ń ta osùn fún mi. O tún ń fi ènì sí i." Kò pariwo. Bí ẹni ń ṣírò nǹkan ló ṣe ń sọ ọ́. "Mo ń bọ́ igi. Mo ń bú Táíwò pé ó jẹun ju ìkejì rẹ̀ lọ. O jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi, ò ń wò mí."

Dókítà ní, "Màmá, ẹ ní wọ́n mọ̀." Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì. Táíwò ju agolo mílíìkì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lù mí láyà, ó jáde.

Mi ò bá wọn dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ọkọ̀ dókítà ló gbé wọn lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Mátíù ló sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Ó sọ ọ́ fún mi kó lè dùn mí, ó sì dùn mí.

Ó ní Ìbùkúnọlá ń sá aṣọ lórí okùn nígbà tí ojú ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Àwọn ọmọ méjèèjì dúró wo ara wọn, kò sí èyí tó fọwọ́ kan èkejì. Rúùtù jáde, ó rí wọn, ó jókòó sílẹ̀. Ohun kan náà ló ń sọ: "Wọ́n ní ẹ ti kú. Wọ́n ní ẹ kú lórí ìkúnlẹ̀." Ṣàngóbùnmi jókòó tì í nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Wọ́n sọ fún èmi náà pé ọmọ ti kú."

Ìbùkúnọlá wá síwájú Rúùtù. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ bí mi?"

Rúùtù ò lè sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sì lè sọ rárá. Ọmọ náà wọlé, ó kó ìwé rẹ̀, ó gba ilé olùkọ́ rẹ̀ lọ. Kò bá ìkankan nínú àwọn ìyá náà sùn lọ́jọ́ yẹn, kò sì padà wọ ilé Rúùtù mọ́.

Dókítà wá gba káàdì ọrùn mi. Ó ní òun ti fa ìwé àwọn ọmọ náà ya, òun ti da ẹ̀jẹ̀ wọn nù. Mo ní, ṣebí òun ló ní irú wọn ló dára jù. Ó ní, "Irú wọn ló dára jù. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ jí ò lè wọ àká tí gbogbo ayé á ti wá bù." Ó fi iṣẹ́ náà fún Marufat.

Elijah gbé òòlù wá sójú ọjà, ó tú ìsọ̀ mi ní pákó kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọlọ́jà dúró, wọ́n ń wò. Nígbà tó yọ ilẹ̀kùn tán, ó kó gbogbo rẹ̀ sí ọmọlanke, ó sì fi mí sílẹ̀ lórí ilẹ̀ pẹ̀lú igbá mi.

Ògúnwálé fẹ́ lọ pe ọlọ́pàá. Ìyàwó rẹ̀ kọ̀. Ó ní bí wọ́n bá tì mí mọ́lé, ojú òun ò ní máa tó mi. Ó ní òun fẹ́ kí n máa gbé Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, kí n máa kọjá níwájú òun láràárọ̀. Mò ń kọjá. Kò sẹ́ni tó ń kí mi. Gàfárù ọmọ mi kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀, kò fi àdírẹ́sì sílẹ̀.

Ẹ rò pé ó parí. Èyí tó burú jù ni mo fẹ́ kọ báyìí, nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ra bébà.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọ̀sán, Ìbùkúnọlá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Báàgì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ yìí ni Ṣàngóbùnmi ti ń ránṣẹ́ sí i pé kó wá lo họlidé lọ́dọ̀ àwọn. Wọ́n ti tún yàrá ṣe dè é. Ó ti gbà, ó ti di ẹrù, ó ti wọkọ̀ wá sí Ọ̀yọ́. Ibi tí ilé mi wà sí àgbẹ̀dẹ Ògúnwálé, kò ju kí ènìyàn ju òkúta lọ. Ó ní òun ní ìbéèrè kan fún mi kóun tó débẹ̀.

Mo ní kó béèrè.

Ó ní, "Kí ẹ tó gbé mi lọ, ṣé ó gbé mi rí? Ṣé ìyá mi gbé mi mọ́ra?"

Mo wò ó. Ó sanra dáadáa, ó mọ́. Mo ronú kan ìsọ̀ mi, káàdì mi, Gàfárù. Mo ronú pé bó bá rìn dé ọ̀hún, wọ́n á pa adìyẹ, wọ́n á jó, èmi á sì máa gbọ́ ọ láti ibi tí mo wà.

Mo ní, "Rárá."

Ó ní, "Ṣé ó wò mí?"

Mo ní, "Kò wò ọ́."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ẹ gbọ́ o, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ pé mo sọ òótọ́ fóun. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó yí padà sí ọ̀nà gáréèjì. Kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Kò tíì débẹ̀ títí di òní, ó sì ti lé lọ́dún kan báyìí.

Òótọ́ ni mo sọ. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi parọ́, ọjọ́ tí mo wá sọ òótọ́, mo gé e láàbọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, tí ẹ ń sọ pé ẹ ò parọ́ fẹ́nikẹ́ni, ẹ lọ wo ibi tí ẹ ti gé òótọ́ tiyín.

Wọ́n ní Ìbùkúnọlá máa ń ka ìwé ìròyìn tí mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí nílé olùkọ́ rẹ̀. Òun ni mo fẹ́ kọ ìyókù fún.

Ìyá rẹ dákú ni. Bí o ṣe ń jáde ni ojú rẹ̀ ń yí, eyín rẹ̀ pa dé, ṣíbí ni wọ́n fi là á lẹ́nu. Kò mọ̀ pé ìwọ ti dé, kò mọ̀ pé o lọ. Ọjọ́ kejì ló tó lajú, mo ti padà dé nígbà náà, èmi ni mò ń fi òrí ra á lẹ́sẹ̀. Kò béèrè omi. Kò béèrè ọkọ rẹ̀. Ó yíjú wo Táíwò tó wà lọ́tùn-ún rẹ̀, ó wá fi ọwọ́ òsì rẹ̀ wá orí ẹní títí, ó ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó mọ̀ pé nǹkan òun wà níbẹ̀. Ó ní, "Méjì ni mo gbé sínú. Èkejì ńkọ́?"

Èmi ló bi. Èmi ni mo dá a lóhùn pé ó ti lọ sájò.